Ibi Tí Omi Gbà Wọlé

Káfíńtà kan wà rí tó jẹ́ pé òrùlé tó ń jò nìkan ló ń tún ṣe. Kì í kan àga, kì í kan ilẹ̀kùn. Tí òjò bá rọ̀ mọ́jú, àwọn èèyàn á ti tò sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ kó tó fọ ẹnu. Ọ̀gá ni nídìí iṣẹ́ yẹn, mi ò ní gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń sọ fún gbogbo oníbàárà. Tí wọ́n bá mú un wọ yàrá, tí wọ́n ń nàka sí sílìn tó ti rin, á ní, "Ibi tí omi ti ń kán kọ́ ni ibi tó gbà wọlé." Ó mọ̀ pé omi lè gba ojú ìṣó wọlé lókè ilé ìdáná, kó rìn lábẹ́ páànù, kó tẹ̀ lé igi àjà títí, kó tó wá kán sórí ibùsùn ẹni ẹlẹ́ni. Nígbà kan ó bá baba kan tó ń fi ìbínú kun ọ̀dà sí ibi tó rin lára ògiri. Ó rẹ́rìn-ín débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jábọ́ lórí àkàbà. Ó ní, "Baba, ṣé ògiri lẹ̀ ń bá jà ni?"

Ẹni tó gbọ́n tó báyìí, wá wo ohun tó ń ṣe nínú ilé ara rẹ̀.

Ó ní ọmọbìnrin kan, ọmọ ọdún méje, Àwẹ̀ró lorúkọ rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ìyá káfíńtà lábúlé ni ọmọ náà dàgbà sí látìgbà tí wọ́n ti já a lẹ́nu ọmú. Ìyá àgbà ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń jí tọ̀, àtọmọ ọdún mẹ́rin sì ni ẹní rẹ̀ ti ń gbẹ. Nígbà tó yá, ìyá àgbà kú. Àwọn àgbà ilé wá ṣe bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Wọ́n ní a kì í túfọ̀ àgbà fún ọmọdé. Àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ sin ín ni wọ́n gbé ọmọ náà lọ sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ nílùú. Wọ́n ní ìyá àgbà lọ sí Ìlọrin, ó ń bọ̀. Ọmọ náà ká ẹní ìyá àgbà, ó gbé e dání, ó ní tí wọ́n bá dé, wọ́n á rí nǹkan sùn lé. Àwọn àgbà fi rẹ́rìn-ín.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tó dé ìlú tó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sórí ẹní náà.

Ọ̀gá òrùlé ò bi í ní nǹkan kan. Ó nà án. Nígbà tí ẹgba ò ṣiṣẹ́, ó ní kó máa gbé ẹní tó rin lérí láràárọ̀, kó gbé e yí àdúgbò po kó tó lọ sílé ìwé, káwọn ọmọdé máa kọrin tẹ̀ lé e. Ìyá ọmọ náà bẹ̀ ẹ́ pé ó tó gẹ́ẹ́. Káfíńtà ní, "Wọ́n ṣe é fún èmi náà, mi ò kú. Ojú ni kò tíì tì í tó."

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí. Ojú wo ló kù tí kò tíì ti ọmọ tí ìtọ̀ ń ṣàn sí létí, tó ń gba iwájú ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kọjá?

Aládùúgbò kan tún wá kọ́ ọ ní ti ọ̀pọ̀lọ́. Ó ní kó mú ọ̀pọ̀lọ́ ààyè, kó so ó mọ́ ọmọ náà nídìí, pé ẹ̀rù ò ní jẹ́ kó tọ̀ mọ́. Káfíńtà ní Sátidé lòun máa ṣe é. Ó sì sọ ọ́ sí ọmọ náà létí.

Látọjọ́ yẹn, ọmọ náà ò mu omi mọ́. Tí wọ́n bá fún un lómi, ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ń dà á sí. Ètè rẹ̀ bó. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ó ṣubú lulẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń gbàdúrà àárọ̀ nílé ìwé. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn, wọ́n ránṣẹ́ pe bàbá rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ látorí òrùlé ẹni ẹlẹ́ni.

Ó bá ọmọ náà lórí bẹ́ẹ̀dì, tí wọ́n ti fa omi sí i lára. Nọ́ọ̀sì àgbà kan dúró tì í. Káfíńtà ti fẹ́ máa ṣàlàyé. Ó ní, "Ó mọ̀ọ́mọ̀ ń tọ̀ sílé ni, nọ́ọ̀sì. Àfojúdi ọmọ ni."

Nọ́ọ̀sì ní, "Bàbá Àwẹ̀ró, ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀. Ọmọ wà tó jẹ́ pé ara rẹ̀ ni kò tíì gbó tó láti jí i. Ọmọ wà tí ọkàn rẹ̀ kì í lè dúró sójú kan, bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn. Kò ní mọ̀ pé ìtọ̀ ń gbọ̀n òun títí á fi bọ́. Ẹlòmíì, ìgbẹ́ líle ló dí i nínú. Kò sí èyí tí ẹgba ń wò nínú wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ẹní rẹ̀ ti gbẹ fọ́dún mẹ́ta, tó wá bẹ̀rẹ̀ lójijì, nǹkan ló ṣẹlẹ̀ sí i. Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"

Káfíńtà ní, "Ẹ̀yìn ìgbà tí a sin ìyá mi ni."

Ọmọ náà yíjú sí wọn. Ó ní, "Ẹ sin ìyá àgbà?"



Ọmọ náà ní, "Èmi ń dúró dè wọ́n ni. Mi ò fẹ́ sùn, kí wọ́n má lọ kan ilẹ̀kùn kí n má gbọ́. Oorun á wá gbé mi lọ pátápátá." Ó tún ní, "Mo sì ti ba ẹní wọn jẹ́."

Ọkùnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Oṣù mẹ́rin gbáko ló fi na ibi tí omi ti ń kán. Kò gun àkàbà wo òkè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó gbé ọmọ rẹ̀ lọ sábúlé, ó fi ojú oórì hàn án. Ọmọ náà sun ẹkún tí wọ́n ti fi dù ú láti oṣù mẹ́rin. Má bi mí bóyá ìtọ̀ ọ̀hún dáwọ́ dúró lọ́jọ́ yẹn, kò dáwọ́ dúró. Ó ṣì ń ṣe é lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bàbá rẹ̀ ló sì ń fọ ẹní náà báyìí. Ṣùgbọ́n ó ń mu omi.

Ìwọ wá ńkọ́? O jókòó síwájú mi, o fi ìdérí bo garawa, o rò pé mi ò gbọ́ ọ̀pọ̀lọ́ tó ń ta nínú rẹ̀. O ní kí n bá ọ wá okùn tí kò ní já, tí o máa fi so ó mọ́ ọmọ rẹ nídìí. O fi ẹnu ara rẹ sọ fún mi pé oṣù tí o lé ìyá ọmọ rẹ jáde lọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sílé. O sọ ọ́, o ò sì gbọ́ ohun tí o sọ. Nítorí ohun tí etí rẹ ò gbọ́ yẹn lo ṣe fẹ́ fi ọ̀pọ̀lọ́ dá ọmọ ọdún mẹ́fà lóró.

Dìde. Gbé ọ̀pọ̀lọ́ yẹn padà sí ibi tí o ti mú un. Lẹ́yìn náà, lọ pàdé ọmọ rẹ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé, fún un lómi mu. Tó bá sì bi ọ́ nípa ìyá rẹ̀, má sọ fún un pé ó lọ sí Ìlọrin.