Iṣẹ́ tí Ẹfúnyẹmí Rán Àwẹ̀ró

Ẹfúnyẹmí aláró ti darúgbó, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì ti wú débi pé kò lè rìn dé ìdí ìkòkò aró rẹ̀ mọ́. Fadérera, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, wà nílé ọkọ ní Ìlápó, ìrìn àárọ̀ sí ọ̀sán. Ọdún mẹ́fà ni wọn kò ti fojú kan ara wọn, nítorí ọkọ tí ìyá ní kí ọmọ má fẹ́ ni ọmọ fẹ́. Ẹfúnyẹmí kì í gbàgbé ọ̀rọ̀. Kò tilẹ̀ gbìyànjú rẹ̀ rí.

Akínbòdé àgbẹ̀, tí ilé rẹ̀ kángun sí tirẹ̀, ní kí ẹrúbìnrin òun máa bá a pọnmi, kó sì máa bá a ra oúnjẹ. Ẹ má rò pé ojú àánú ni o. Aṣọ tí Ẹfúnyẹmí ti rẹ láró sílẹ̀ ni ọkùnrin náà ń fojú sọ́nà láti gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Àwẹ̀ró ni wọ́n ń pe ẹrúbìnrin yìí, obìnrin bí ẹni ogójì ọdún. Ogun ló kó o. Ọjọ́ tí wọ́n kó o ló rí ìyá rẹ̀ kẹ́yìn, kò sì mọ ẹni tó sin ín.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, "Ìwọ ẹrú yìí" ni Ẹfúnyẹmí ń pè é. Bí omi bá rú, èébú. Bí ẹ̀kọ bá tutù, èébú. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lẹ́nìkan kì í pẹ́ kó tó mọ ẹni bíi tirẹ̀. Ó di pé bí Àwẹ̀ró bá sọ omi kalẹ̀, ìyá àgbà á ní kó jókòó. Àwẹ̀ró á máa fi òrí ra ẹsẹ̀ fún un, wọ́n á jọ bú Akínbòdé díẹ̀, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Ohun kan ni Àwẹ̀ró ṣàkíyèsí: ẹ̀kọ méjì ni ìyá àgbà ń rán an rà lálaalẹ́, ọ̀kan ló sì ń jẹ. Èkejì á wà nínú abọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Nígbà tó yá, wíwú náà gòkè dé ikùn. Ẹfúnyẹmí mọ̀ pé ikú ti sún mọ́ òun, ó sì pe Àwẹ̀ró.

"Lọ sọ fún Fadérera pé èmi kì í ṣe ìyá rẹ̀ mọ́. Bí mo bá kú, kó má wá sin mí o. Kí ará ìta sin mí."

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́..."

"Ṣé mo ní kí o gbà mí nímọ̀ràn ni? Ẹrú ni ọ́. Bí mo ti wí i ni kí o wí i."

Àwẹ̀ró lọ tìbànújẹ́tìbànújẹ́. Ó mọ̀ pé ẹrú tó bá yí iṣẹ́ po, ọjà ni wọ́n ń tà á sí. Ó sì mọ̀ pé ẹyin lohùn. Bí òun bá jẹ́ iṣẹ́ náà bẹ́ẹ̀, Fadérera kò ní wá láéláé, ìyá àgbà yóò sì dá kú bíi ti ìyá òun. Ó ro èyí títí ó fi dé Ìlápó.

"Kí ni ìyá mi wí?" ni Fadérera bi í, ojú rẹ̀ le koko.

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀. "Orúkọ yín ni wọ́n pè. Ẹsẹ̀ wọn ti wú, ó ti dé ikùn. Ẹ̀kọ méjì ni wọ́n ń rà lálaalẹ́, ọ̀kan ni wọ́n ń jẹ. Mo rò pé tiyín ni èkejì. Ẹ tètè máa bọ̀."

Fadérera bú sẹ́kún. Kò tilẹ̀ dúró wá gèlè.

Bí wọ́n ti wọlé ni Ẹfúnyẹmí bèèrè pé, "Ta ló ní kí o wá?"

"Ẹ̀yin lẹ ránṣẹ́ pè mí, ìyá mi."

Ìyá àgbà yíjú sí Àwẹ̀ró, ó wò ó títí. Àwẹ̀ró kúnlẹ̀. "Ẹ forí jì mí, Ìyá. Ẹnu mi kò gbà á."

Omi bọ́ lójú Ẹfúnyẹmí. Ó ní, "Iṣẹ́ ẹrú ni mo rán ọ, o fi tọmọ jẹ́ ẹ."

Ọjọ́ kejì ló kú, orí rẹ̀ wà lórí itan Fadérera. Àwẹ̀ró sunkún ju ọmọ tí ìyá àgbà bí lọ. Wọn kò tíì bo sàréè náà tán tí Akínbòdé fi ránṣẹ́ pé kó wá ṣẹ́gi. Ó nu ojú, ó dìde, ó lọ. Kò sẹ́ni tó rà á padà, ohun tó dùn mí jù nínú ìtàn yìí nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ẹnu ìyá àgbà nìkan ló pín nínú ogún rẹ̀, òun náà sì ni àwọn àgbà fi ń pa á lówe títí dòní pé: bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ.