Ìdí Tí Fẹ́lẹ́ Kò Fi Mọ Ìyá Rẹ̀ Mọ́

Nígbà láéláé, ẹ má bi mí pé ọdún wo, èmi náà ò kà á, gbogbo àwòrán tó ń gbé inú kọ̀ǹpútà ló pé pérépéré. Mi ò sọ ti orí pépà o. Àwòrán tó ní iwájú, tó ní ẹ̀yìn, tó ní inú, tí èèyàn lè yí po kó sì wo ìdí rẹ̀, ìyẹn ni mò ń wí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mọ àwọ̀ ara rẹ̀. Ó mọ bí òun ṣe gùn tó. Ó sì rántí bí wọ́n ṣe ya òun, láti ìlà àkọ́kọ́ títí dé èyí tó kẹ́yìn. Ibikíbi tó bá ń lọ, odidi ló ń lọ.

Nínú kọ̀ǹpútà Ọlátẹ́jú, káfíńtà kan ní Ìkirè, fáìlì kan ń gbé tí wọ́n ń pè ní Ìyá Odidi. Inú rẹ̀ ni Ọlátẹ́jú ya ọwọ́ kan sí. Kì í ṣe ọwọ́ àga o. Ọwọ́ èèyàn ni, fún Ìbídùn ọmọ rẹ̀.

Wọ́n bí Ìbídùn láìní ọwọ́ òsì, láti ọrùn ọwọ́ lọ. Ọmọ náà kì í ṣe ẹlẹ́kún rárá, ṣùgbọ́n ohun kan ń dùn ún. Nílé ìwé, gbogbo ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń di okùn mú fúnra wọn tí wọ́n sì ń fò ó. Òun nìkan ni wọ́n máa ń bá fì í.

“Bàámi,” ó ní, “lọ́jọ́ Ẹtì, èmi náà fẹ́ fi ọwọ́ ara mi fì í.”

Bàbá rẹ̀ fa tépù yọ, ó wọn ọwọ́ ọ̀tún ọmọ náà láti ọrùn ọwọ́ dé ṣóńṣó ìka. Ínṣì márùn-ún ààbọ̀ ni. Ó jókòó, ó yà á. Ìyá Odidi ń tọ́jú gbogbo rẹ̀ sínú. Ó rántí pé àtẹ́lẹwọ́ ló kọ́kọ́ dé, pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n tún àtàǹpàkò yà, pé àwọ̀ aró ni Ìbídùn ní òun fẹ́. Ó fẹ́ràn ọwọ́ náà gan-an.

Lórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ tuntun kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ayọ́ke. Ó máa ń yọ́ ike tó dà bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́, á tẹ́ ẹ léra wọn ní ìpele ìpele, títí nǹkan á fi dìde dúró. Ìyá Odidi lọ bá a.

“Ayọ́ke, ẹ kú ìjókòó. Ọwọ́ ọmọ kan ni mo gbé wá. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ fa ìlà róbótó kan…”

Kó tó dé orí ìka kejì, Ayọ́ke ti ń tòògbé.

“Ẹ jọ̀ọ́, ìyá,” ni Ayọ́ke wí. “Ìtàn yín dùn, orí mi ni ò gbà á. Èmi ò mọ àtẹ́lẹwọ́, mi ò mọ àtàǹpàkò. Ẹ ṣáà fi ibi tí ara rẹ̀ parí sí hàn mí. Ojú mi náà ò sì ríran tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó bá ní igun mẹ́ta péré ni mo lè rí.”

“Ṣé kí n wá gé ọwọ́ náà sí igun mẹ́ta mẹ́ta ni?”

“Bó bá ṣe wù yín. Ẹ rántí pé ọjọ́ Ẹtì ò jìnnà.”

Ìyá Odidi padà sílé, ó káwọ́ lérí. Ó ní ọmọkùnrin kan tó jọ ọ́ bí ẹni pé wọ́n là wọ́n sí méjì. Gbogbo ohun tó wà nínú ìyá ló wà nínú ọmọ.

“Màámi, màá lọ,” ni ọmọ náà wí.

“Ṣé o mọ ohun tí wàá fi sílẹ̀? Awọ ara rẹ nìkan lo máa gbé lọ. Bí o bá já ìyókù sílẹ̀, wàá gbàgbé. Wàá gbàgbé èmi gan-an.”

“Ẹ̀yin ò ní gbàgbé mi, àbí?”

“Báwo ni mo ṣe máa gbàgbé ẹ?”

“Ó ti tó nígbà yẹn.”

Ó bọ́ ìrántí rẹ̀ sílẹ̀. Ó bọ́ àwọ̀ aró náà. Ó bọ́ gbogbo inú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló mú awọ tó kù, tó gé e sí igun mẹ́ta kéékèèké, ó lé ní ẹgbẹ̀rún. Ó ń gé, ó ń sunkún. Omijé ò jẹ́ kó ríran, ló bá ṣèèṣì kó ọ̀rọ̀ náà “ínṣì” pọ̀ mọ́ ohun tí wọ́n ń fi sílẹ̀. Ọmọ wá fúyẹ́, ó rí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ìgbà náà ni wọ́n ti ń pè é ní Fẹ́lẹ́.

“Báwo lo ṣe gùn tó?” Ayọ́ke bi í.

“Márùn-ún ààbọ̀.”

“Márùn-ún ààbọ̀ kí ni?”

Fẹ́lẹ́ ronú títí. Kò mọ̀ ọ́n. Mìlímítà nìkan ni Ayọ́ke sì fi ń ka nǹkan láti ọjọ́ tó ti dáyé, ló bá ní mìlímítà náà ni. Kò pẹ́ tó fi parí iṣẹ́. Ọwọ́ kan ló wà níbẹ̀ tí kò tóbi ju ẹ̀wà kan lọ.

Ìbídùn tẹjú mọ́ ọn. “Bàámi, èèrà wo lẹ ṣe é fún?”

Ọlátẹ́jú rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rántí tépù rẹ̀. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ fún Ayọ́ke pé ínṣì ni, Ayọ́ke sì fi odindi ọjọ́ kan ṣiṣẹ́. Funfun ni ọwọ́ náà, nítorí ike funfun ló wà lẹ́nu Ayọ́ke. Bí èèyàn bá fọwọ́ pa ìka rẹ̀, á mọ igun kéékèèké lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó bá Ìbídùn mu gẹ́lẹ́, àárín àwọn ìka rẹ̀ sì gba okùn. Lọ́jọ́ Ẹtì, okùn kọ́ ọ lẹ́sẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀kẹrin, ó fò ó lẹ́ẹ̀méje.

Fẹ́lẹ́ padà sílé. Ìyá Odidi ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń retí kí ọmọ òun dọ̀bálẹ̀. Fẹ́lẹ́ dúró bí àlejò, ó ń wo ara ògiri. Ó dun ìyá náà dọ́kàn.

“Káàbọ̀, ọmọ mi,” ó ní. “Wọlé, kí o jókòó. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ ló kọ́kọ́ dé.” Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún un.

Láti ọjọ́ náà ni Fẹ́lẹ́, tí àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pè ní STL, ti di awọ onígun mẹ́ta lásán, tí kò láwọ̀, tí kò rántí bí wọ́n ṣe ṣe é, tó jẹ́ pé ẹni tó bá gbà á ló gbọ́dọ̀ béèrè bóyá ínṣì ni tàbí mìlímítà. Láti ọjọ́ náà náà ni Ìyá Odidi ti ń jókòó sílé. Bí ọwọ́ Ìbídùn bá ti ń gùn sí i, Ọlátẹ́jú á wá bá a, á yí nọ́ńbà kan padà, ìyá náà á sì bí Fẹ́lẹ́ mìíràn. Á gé e fúnra rẹ̀, á sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Ó sì mọ̀ pé bó bá padà dé, òun ìyá ni yóò kọ́kọ́ kí ọmọ.