Ẹ̀kán Òróró Kànáfùrù Tí Láṣebìkan Kọ̀

Ẹ̀kán òróró ní í wo eyín. Odindi ìgò a máa bó ẹnu. A ń pa á lówe káàkiri, àmọ́ ta ló mọ ẹni tí ẹnu rẹ̀ kọ́kọ́ bó? Láṣebìkan ni, ẹ̀gbọ́n Adégẹ̀sín, agbéraga bí àkùkọ ààtàn.

Ní Arírà, ẹni tí yóò jẹ baálẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró níwájú ìlú, kó ka orúkọ gbogbo baálẹ̀ tó ti jẹ. Bó bá kọsẹ̀, àbúrò rẹ̀ ló kàn. Láṣebìkan mọ orúkọ wọ̀nyí bí ẹní mowó. Àfi bó ṣe ku ọ̀la tí yóò kà á, ni eyín ríro bá dè é mọ́lẹ̀.

Ó gba ilé Ìyá Ṣíjúwọlá lọ, obìnrin tó máa ń se kànáfùrù, tó ń gba òróró tó bá ooru rẹ̀ jáde. Ìyá gbé ìgò kékeré kan lé e lọ́wọ́.

"Ẹ kán ẹ̀kán kan ṣoṣo sínú àdín ṣíbí kan, bàbá. Ẹ ti òwú bọ̀ ọ́, kí ẹ fi kan eyín náà. Ẹ má lò ó láìlú u mọ́ àdín o, iná ni! Ẹ má sì gbé e mì."

"Ẹ̀kán mélòó lo fún Adégẹ̀sín lọ́jọ́sí?"

"Ẹ̀kán kan."

"Àbúrò mi, ẹ̀kán kan! Èmi tí mo pọ̀n ọ́n dàgbà, ẹ̀kán kan! Ojú kan náà lo fi ń wò wá ni?"

"Bàbá, eyín ò mọ ẹ̀gbọ́n."

Ṣé ẹ mọ̀ pé nílé wa, ẹ̀gbọ́n ló ń mú ẹran tó tóbi? Ẹran ni bàbá yìí ka òróró sí. Ó délé, kò wá àdín, kò wá òwú, ó da gbogbo ìgò sẹ́nu, ó fi ń ṣan ẹnu. Yéè! Ó tu ú dànù, àmọ́ ẹ̀pa ò bóró mọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, èrìgì ti bó, ètè ti wú, ahọ́n ò sì gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́.

Ó dúró níwájú ìlú, ó lanu. Orúkọ àkọ́kọ́ jáde bíi ti ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu ẹ̀. Wọ́n ní kó tún un kà, ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn obìnrin ń fi ìborùn bo ẹ̀rín. Ni wọ́n bá pe Adégẹ̀sín, kò sì kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ó wá ku ìdọ̀bálẹ̀. Láṣebìkan na gbalaja síwájú ọmọ tó pọ̀n dàgbà, omi ń bọ́ lójú ẹ̀. Ó dùn ún wọra.

"Ẹ dìde, ẹ̀gbọ́n mi," ni baálẹ̀ tuntun wí.

Ó fi ọwọ́ bo ẹnu tó wú, ó dìde.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá rò pé bí ipò òun ṣe ga tó ló yẹ kí oògùn òun pọ̀ tó, òun ni àwọn àgbà ń sọ fún pé: ẹ̀kán òróró ní í wo eyín, odindi ìgò a máa bó ẹnu.