Ọrùn Agbádá Alàgbà Ládòkun

Wọn kì í gbé aṣọ fún télọ̀ nílé Àwẹ̀ró. Ìyá-ìyá rẹ̀ ló rán ti ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ rán tirẹ̀, òun náà sì ń rán ti àwọn ọmọ tí ọkọ rẹ̀ kú fi sílẹ̀, lórí máṣíìnì kan ṣoṣo.

Alàgbà Ládòkun wá bá a pé òun fẹ́ fi í ṣaya. Ó wọ agbádá sányán, ó jókòó gẹ̀lẹ̀tẹ̀.

"Àwẹ̀ró, ìyà yìí tó gẹ́ẹ́. Ta máṣíìnì yìí, kó owó ẹ̀ fún mi kí n fi ṣòwò. Èmi ni n ó máa dáṣọ fún ìwọ àtàwọn ọmọ."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Àwẹ̀ró létí, nítorí ẹ̀yìn ń dùn ún. Àmọ́ àgbà ní ẹni tó máa dáṣọ fún ni, tọrùn ẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. Àwẹ̀ró wo ọrùn Alàgbà. Agbádá náà gbòòrò jù ú lọ. Wọ́n ká ọrùn aṣọ náà sínú, wọ́n fi òwú rán an gbọọrọgbọọrọ, bí èèyàn ṣe ń rán ohun tó mọ̀ pé òun máa tú.

"Alàgbà, ta ló ni agbádá yìí?"

"Irú ìbéèrè wo nìyẹn?"

Àwẹ̀ró fa òwú náà. Agbádá yọ̀ bọ́ sí ìgúnpá Alàgbà.

Alàgbà fa agbádá náà sókè. "Ìyá àwọn ọmọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rán an padà. Ẹni tó ni ín ń retí mi."

Àwẹ̀ró rán an. Alàgbà ò lówó iṣẹ́ lọ́wọ́, Àwẹ̀ró bá ní kó fi fìlà rẹ̀ dógò. Nínú gbogbo ohun tó wọ̀ wá, fìlà yẹn nìkan ló jẹ́ tirẹ̀.