Ọwọ́ Tó Po Fúláwà

Àlọ́ mi dé o, ẹ̀yin ọmọ!
— Kó máa bọ̀, a ti jókòó!

Ẹkùn ṣí ilé oúnjẹ òkèèrè sí ìlú ẹranko. Oúnjẹ náà gùn bí okùn, fọ́ọ̀kì nìkan ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ fi jẹ ẹ́. Àgùntàn fọwọ́ bù ú, Ẹkùn lé e jáde: "Ará oko!" Ìgalà fọwọ́ bù ú, ó lé òun náà.

Ebi ti ń pa Òkété láti àná. Ó wọlé, ó fọ ọwọ́, ó bi Ẹkùn pé, "Bàbá, kí ni wọ́n fi po oúnjẹ yìí?"

Ọ̀bọ alásè yọjú láti ilé ìdáná, fúláwà dé ìgúnpá rẹ̀. Ẹkùn rí i, ó sún àwo sí iwájú Òkété.

Òkété kọrin:
Ọwọ́ ló pò ó o!
— Ọwọ́ ni yóò jẹ ẹ́!

Àgùntàn àti Ìgalà gbe orin náà wọlé, wọ́n sì fọwọ́ jẹun.

Ẹni tó bá kẹ́gàn ọwọ́ yín, ẹ bi í pé ta ló se oúnjẹ rẹ̀. Àlọ́ mi yó, ó ti ṣanwọ́.