Àwẹ̀ró Aṣọ́lé àti Ewúrẹ́ Agbẹ̀bí

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ṣé ẹ kò tíì jẹun ni? Ẹ dá mi lóhùn dáadáa. Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ̀hẹ́n. Ààlọ́ mi rìn, ó rìn, kò lówó ilé èrò, kò rílé wọ̀. Ó wá yà sọ́dọ̀ opó kan tí kò ní ju ìgbálẹ̀ lọ. Orin wà nínú rẹ̀. Bí mo bá ti lé e, "Onílé ń bọ̀" ni ẹ ó máa gbè. Ìwọ tí o fẹ̀yìn ti ògiri yẹn, mo ń wò ọ́ o. Bí o bá sùn, orúkọ rẹ ni n ó sọ ewúrẹ́ inú ààlọ́ yìí.

Ní ayé àtijọ́, obìnrin kan wà ní ìlú kan lórí òkè. Àwẹ̀ró ni orúkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Àṣàkẹ́ ni. Àṣàkẹ́ ti lọ sílé ọkọ ní Etí-Òkun, ìlú tó jìnnà gan-an. Iyọ̀ tó bá ti ibẹ̀ wá a máa pẹ́ lọ́nà kó tó dé inú ọbẹ̀ wọn.

Ní ọjọ́ kan, àwọn oníyọ̀ jíṣẹ́ fún Àwẹ̀ró. Wọ́n ní, "Àṣàkẹ́ ní ká kí yín. Ó ti lóyún. Ó ní ẹ̀rù ń ba òun. Ó ní ṣé ẹ̀yin ni ẹ máa wẹ ọmọ náà?"

Àwẹ̀ró ní, "Ẹ sọ fún un pé mò ń bọ̀. Ọwọ́ mi ni yóò wẹ̀ ẹ́."

Ó ti sọ ọ́ tán kó tó rántí pé òun kò lówó. Oúnjẹ ọ̀nà ń fẹ́ owó. Ibi tí èrò ń sùn ń fẹ́ owó. Àwọn aládùúgbò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Àwẹ̀ró, kí lo fẹ́ fi rìn? Ṣé ìgbálẹ̀ ni o máa fún àwọn onílé èrò?"

Àwẹ̀ró kò bá wọn jiyàn. Ó di aṣọ rẹ̀ kan, ó ki ìgbálẹ̀ bọ inú ẹrù, ó gbé e rù, ó bọ́ sọ́nà.

Ó rìn, ó rìn, ó dé ìlú kìíní. Ó bá ìyá amọ̀kòkò kan tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tó ń sunkún.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ìyá. Kí ló dé?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ló kú nílé ọkọ rẹ̀. Wọ́n ń retí mi níbi òkú. Pẹ́pẹ́yẹ mẹ́rìnlá ni mo sì ń sìn. Bí mo bá yísẹ̀ padà, ajá á jẹ wọ́n tán."

"Àwọn ará ilé yín ńkọ́?"

"Àwọn gan-an ló ń jí ẹyin wọn jẹ."

Àwẹ̀ró sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. "Èmi rèé. Ibi tí n ó sùn àti ohun tí n ó jẹ nìkan ni mo fẹ́. Ẹ lọ sin ẹ̀gbọ́n yín."

Amọ̀kòkò wò ó títí. "N kò mọ̀ ọ́ rí o."

"Pẹ́pẹ́yẹ náà kò mọ̀ mí rí. A ó jọ mọ ara wa."

Amọ̀kòkò lọ. Ìrọ̀lẹ́ lẹ́, pẹ́pẹ́yẹ kọ̀, wọn kò wọlé. Wọ́n ń wá onílé. Wọ́n ń ké ṣáá. Àwẹ̀ró gbá àgbàlá mọ́, ó jókòó láàárín wọn, ó fi orin sí i. Ẹ gbè é o:

Ẹran ilé, ẹ má ké mọ́ o,
*Onílé ń bọ̀.*
Ẹyẹ ilé, ẹ má fò lọ o,
*Onílé ń bọ̀.*
Èmi àlejò ni mo dúró tì yín,
*Onílé ń bọ̀.*
Ọ̀nà mi jìn, ẹsẹ̀ mi ń yún mi,
*Onílé ń bọ̀.*
Bó pẹ́, bó yá, á wọlé dé,
*Onílé ń bọ̀, onílé ń bọ̀.*

Pẹ́pẹ́yẹ dákẹ́. Wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn, wọ́n wọlé.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, amọ̀kòkò dé. Ó bá ilé ní mímọ́. Ó bá pẹ́pẹ́yẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá, ó bá ẹyin lábẹ́ wọn. Ó bu amọ̀ díẹ̀, ó mọ ọ́n roboto, ó ki ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ kan bọ̀ ọ́. Ó ní, "Àrokò ni. Mú un lọ fún àna mi ní ìlú tó wà níwájú. Bó bá ti rí i, yóò mọ̀ pé ẹni tí a lè fi ilé sílẹ̀ fún lo jẹ́."

Àwẹ̀ró rìn, ó rìn, ó dé ìlú kejì. Àna amọ̀kòkò yìí, Baba Ẹlẹ́yẹlé ni wọ́n ń pè é. Ẹyẹlé kún òrùlé rẹ̀. Ó ti di ọdún mọ́kànlá tí baba náà ti jáde nílùú kẹ́yìn, nítorí ẹyẹlé kì í gbé ahoro. Ọ̀rẹ́ ìgbà èwe rẹ̀ ń ṣàìsàn lókèèrè, kò sì rí i lọ wò. Nígbà tó rí àrokò, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó kọ́ Àwẹ̀ró ní iṣẹ́ ilé, ó mú ọ̀pá, ó lọ.

Ọ̀sán kò tíì pọ́n tó fi padà dé. "Mo gbàgbé láti sọ fún ọ pé èyí tó yarọ yẹn kì í jẹ àgbàdo líle."

"Mo gbọ́, baba. Ó dàbọ̀."

Ìrọ̀lẹ́ lẹ́, ó tún dé. "Mo gbàgbé láti sọ fún ọ pé funfun yẹn máa ń bínú. Àjò kì í sì í dùn kónílé má relé."

"Baba, ẹ kò tíì dé àjò ọ̀hún. Ó dàbọ̀."

Ilẹ̀ mọ́, baba tún kanlẹ̀kùn. Àwẹ̀ró kò ṣí i. Ó ní, "Ta ni yẹn?"

"Èmi onílé ni!"

"Irọ́ ni. Onílé ti lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹ padà wá lẹ́yìn oṣù kan, ẹ ó bá a nílé."

Baba rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó dìde, ó gbọn ìdí aṣọ rẹ̀, ó lọ ní tòótọ́. Àwẹ̀ró ń kọrin fún ẹyẹlé ní àràárọ̀:

Ẹyẹ ilé, ẹ má fò lọ o,
*Onílé ń bọ̀.*
Bó pẹ́, bó yá, á wọlé dé,
*Onílé ń bọ̀, onílé ń bọ̀.*

Nígbà tí oṣù kan pé, baba dé. Ojú rẹ̀ ń dán. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti jọ jẹ, wọ́n ti jọ mu. Ó fi òwú funfun so ìyẹ́ ẹyẹlé mọ́ àrokò náà. Ó ní, "Mú èyí lọ fún Efúnyẹlá, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi. Agbẹ̀bí ni. Ìrìn ọjọ́ kan péré ló wà láàárín ilé rẹ̀ àti Etí-Òkun."

Ẹ má rò pé ó débẹ̀ lọ́jọ́ kejì o. Ó ṣọ́ ajá fún ọlọ́dẹ kan lọ́nà. Ó ṣọ́ olóńgbò fún aláró kan. Olóńgbò náà kò tilẹ̀ wo ojú rẹ̀ títí ó fi kúrò níbẹ̀. Oyún Àṣàkẹ́ ń rìn, Àwẹ̀ró ń rìn, a kò mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ dé.

Nígbà tó dé ilé Efúnyẹlá, ó bá a lẹ́nu ọ̀nà, àpò ti wà léjìká rẹ̀. Wọ́n ti ránṣẹ́ pè é síbi aboyún kan. Efúnyẹlá já àrokò gbà, ó wò ó lẹ́ẹ̀kan.

"Ọlọ́run ló rán ọ wá. Mo ní ewúrẹ́ kan, oyún rẹ̀ ti tó bí, àkọ́bí rẹ̀ sì ni. Bá mi ṣọ́ ọ. Bí apá rẹ kò bá ká a, sọ fún Baba Àlàó ní ilé kejì. Òun nìkan ló mọ ibi tí mò ń lọ. Yóò gun ẹṣin wá pè mí, n ó sì padà, ohun yòówù tí ì báà wà lọ́wọ́ mi. Èèwọ̀ wa ni. Agbẹ̀bí kì í jẹ́ kí olóyún ilé rẹ̀ kú kó máa gbẹ̀bí kiri ìta."

"Ta lẹ ń lọ gbẹ̀bí fún, ìyá?"

"A kì í dárúkọ rẹ̀ títí ọmọ yóò fi ké."

Àwẹ̀ró fẹ́ sọ ibi tí òun náà ń lọ. Ṣùgbọ́n agbẹ̀bí ti gba ẹ̀yìnkùlé lọ, gẹ́gẹ́ bí àwọn agbẹ̀bí ṣe máa ń ṣe kí ẹnikẹ́ni má baà mọ ọ̀nà tí wọ́n gbà.

Ọjọ́ kìíní kọjá. Ọjọ́ kejì kọjá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, àwọn oníyọ̀ kọjá lẹ́nu ọ̀nà. Àwẹ̀ró sáré bá wọn.

"Ẹ̀yin ará Etí-Òkun, ẹ mọ Àṣàkẹ́?"

"Aya Akínlẹ̀yẹ? Ó ń rọbí. Láti àná ni. A gbọ́ igbe rẹ̀ lẹ́yìn ògiri, ìyá. Kò dára létí."

Àwẹ̀ró káwọ́ lérí. Ọmọ kan ṣoṣo. Ó ní, "Bí mo bá débẹ̀, kí ni n ó ṣe? N kì í ṣe agbẹ̀bí. Agbẹ̀bí tí mo mọ̀ sì wà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn." Nígbà náà ni èrò burúkú kan wọ ọkàn rẹ̀: bí agbẹ̀bí bá padà dé, òun á mú un lọ sọ́dọ̀ ọmọ òun. Ó sáré lọ sọ́dọ̀ Baba Àlàó. Kò dárúkọ Àṣàkẹ́, nítorí ojú ń tì í. Ó ní, "Baba, ẹ lọ pe Efúnyẹlá wá. Ẹ ní ewúrẹ́ rẹ̀ ń kú lọ."

Irọ́ ni. Ewúrẹ́ ń jẹ ewé lábẹ́ igi.

Baba Àlàó di ẹṣin ní gàárì. Ó ti gbé ẹsẹ̀ kan sókè kí Àwẹ̀ró tó tún sọ̀rọ̀.

"Baba, obìnrin tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ńkọ́?"

"Bó bá fi í sílẹ̀, ó di ọwọ́ Olúwa."

"Ṣé obìnrin náà ní ìyá?"

Baba Àlàó wò ó. "Ta ni kò ní ìyá?"

Omi bọ́ lójú Àwẹ̀ró. Ó ní, "Ẹ sọ̀ kalẹ̀, baba. Irọ́ ni mo pa. Ewúrẹ́ kò ṣe nǹkan kan."

Ó padà sílé, ó ń sunkún. Ó bá ewúrẹ́ lórí ìdùbúlẹ̀, ó ń ké. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí. Ẹsẹ̀ kan ló yọ. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, èkejì há sínú. Baba Àlàó, tó ń tẹ̀ lé e bọ̀ kó wá bá a wí, dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ó ti wá di òótọ́ o. Ṣé kí n lọ pè é?"

Báyìí, kò sí ẹni tí ìbá dá a lẹ́bi. Ẹ gbọ́ ohun tó sọ. Ó ní, "Ẹ bá mi di ìwo rẹ̀ mú."

Ó fọ ọwọ́, ó fi epo pa á. Ó fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ wá ẹsẹ̀ kejì, ó ń kọrin, ẹkún sì wà nínú orin náà:

Ìyá ewúrẹ́, má ké mọ́ o,
*Onílé ń bọ̀.*
Ọmọ mi ń ké, n kò sí níbẹ̀ o,
*Onílé ń bọ̀.*
Tìrẹ ni mo rí, tìrẹ ni n ó gbà,
*Onílé ń bọ̀.*
Ẹni tó wà níbẹ̀, kó bá mi gba tèmi,
*Onílé ń bọ̀, onílé ń bọ̀.*

Ó fà á, ó sinmi. Ó fà á, ó sinmi. Ó fà á, ọmọ ewúrẹ́ bọ́ sílẹ̀. Kò pẹ́, èkejì tẹ̀ lé e. Ìyá wọn ń lá wọn.

Ní ọjọ́ karùn-ún, Efúnyẹlá dé. Ó rí ewúrẹ́, ó rí ọmọ méjì tó ń fò kiri.

"Ta ló gbẹ̀bí rẹ̀?"

"Èmi ni, ìyá."

"O kò sì pè mí."

Àwẹ̀ró dọ̀bálẹ̀... ẹ gbà mí, obìnrin kì í dọ̀bálẹ̀! Ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Ó kù díẹ̀ kí n fi irọ́ pè yín. Ọmọ mi ló ń rọbí. Mo fẹ́ gbà yín lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ forí jì mí."

Efúnyẹlá ní, "Níbo ni ọmọ rẹ wà?"

"Etí-Òkun ni. Àṣàkẹ́ ni orúkọ rẹ̀."

Efúnyẹlá jókòó sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ọmọ ti ké, mo lè sọ ọ́ wàyí. Ilé Akínlẹ̀yẹ ni mo lọ. Ọmọ dábùú nínú Àṣàkẹ́. Àárọ̀ ọjọ́ kẹta ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í yí i, ọ̀sán ọjọ́ kẹta ló tó yí. Bí ẹlẹ́ṣin bá dé bá mi nígbà yẹn, èèwọ̀ ni, ǹ bá dìde. Bí mo bá sì dìde..." Ó mirí. "Ọkùnrin ni. Àlàáfíà ni àwọn méjèèjì wà. Àṣàkẹ́ ń ké pe ìyá rẹ̀ ṣáá. Ó ní, 'Ìyá mi ní òun ń bọ̀.'"

Àwẹ̀ró bú sẹ́kún, ó bú sẹ́rìn-ín, kò mọ èyí tí òun ń ṣe.

Efúnyẹlá fọwọ́ nù ún lójú. "Má bínú, ìwẹ̀ àkọ́kọ́, èmi ni mo wẹ̀ ẹ́. Ìyókù, tìrẹ ni."

Baba Àlàó kò jẹ́ kó fẹsẹ̀ rìn. Ẹṣin ni Àwẹ̀ró gùn wọ Etí-Òkun, ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Wọn kò tíì sọ ọmọ lórúkọ nígbà tó débẹ̀. Ó gbá àgbàlá Akínlẹ̀yẹ mọ́ fínífíní. Ó po omi lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó tẹ́ ọmọ sórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wẹ̀ ẹ́, Àṣàkẹ́ fẹ̀yìn tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọmọ ń ké. Àwẹ̀ró fi orin rẹ̀ sí i. Ẹ yí ègbè yín padà o:

Ọkọ mi, má ké mọ́ o,
*Onílé dé.*
Mo ṣọ́lé ṣọ́lé, mo dé ilé mi o,
*Onílé dé.*
Ìwọ ni mò ń ṣọ́lé dè láti òkè wá,
*Onílé dé, onílé dé.*

Ọmọ dákẹ́.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ kò le. Bí ilé onílé bá wà ní ìkáwọ́ rẹ, ṣọ́ ọ bí ẹni tó ń ṣọ́ tirẹ̀. O kò mọ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wà lára ọmọ tìrẹ lọ́hùn-ún. Ẹni tí kò lówó ọ̀nà náà kò gbọdọ̀ sọ pé òun kò lè rìn. Ìwà tí a lè fi ilé sílẹ̀ fún, owó ọ̀nà ni.

Ibi tí ààlọ́ mi já sí nìyí, ó sì ti rílé wọ̀. Bí mo bá parọ́, kí ewúrẹ́ Efúnyẹlá má bímọ mọ́. Ṣùgbọ́n bí òótọ́ ni mo sọ, ẹ jẹ́ kó ké lẹ́ẹ̀mẹ́ta:

*Mẹ̀ẹ́! Mẹ̀ẹ́! Mẹ̀ẹ́!*