Ẹja Aláìlójú Tí Mo Gbé Lọ Sílé Baba Ńlá Rẹ̀

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin àlejò, ẹ̀yin tí ẹ rí àga jókòó sí, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ẹ̀yin tí àga kò kàn, ẹ kú ìdúró. Èmi Ọdẹ́rìndé, ọmọ bíbí Ìdó-Àpáta, ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀, èmi tí mo ti bá ẹfọ̀n wọ̀jà, tí mo ti bá ẹkùn wojú ara wa títí tí ó fi yà fún mi lọ́nà, síbẹ̀ ẹja kan tí kò gùn ju ìka mi lọ ni apá mi kò ká.

Lọ́dún tí òjò kọ̀ tí kò rọ̀, obìnrin kan, Ọ̀mọ̀wé Abọ́sẹ̀dé, wá sí ìlú wa. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa wo bí àwọn ẹja odò ṣe ń gbé, ohun tí wọ́n ń jẹ, àti bí ara wọn ṣe ń yí padà láti ìran dé ìran, títí tí yóò fi bá omi tí wọ́n wà nínú rẹ̀ mu. Mo mú un lọ sí ihò Àpáta Dúdú. Ọ̀bọ kan tí ó jókòó sẹ́nu ihò kí wa káàárọ̀, ó ní, "Ẹ tètè wọlé o, omi ti ń tán nínú ibẹ̀." A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a wọlé.

Omi tí ó kù kò ju báàfù ìfọṣọ kan lọ. Ẹja kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, ó funfun bí ẹ̀kọ, awọ sì ti bo ibi tí ó yẹ kí ojú rẹ̀ wà. Ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ wa.

"Ẹ káàbọ̀ o," ló wí. "Ẹ má bínú, n kò ní omi tí n ó fi ṣe yín lálejò. Èyí tí ẹ rí yìí ni mo fi ń mí."

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo bi í bí a ti ń bi gbogbo ẹni tí ìyà ń jẹ: "Ọmọ ibo ni ọ́?"

"Odò Awérè ni àwọn baba ńlá wa ti wá, kí àpáta tó wó dí ọ̀nà mọ́ wọn."

"Ó ti parí! N ó gbé ọ lọ sílé."

Abọ́sẹ̀dé gbá mi lọ́wọ́ mú. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Òkùnkùn yìí ló tọ́ ọ. Ara rẹ̀ kò mọ oòrùn, kò mọ omi tí ń ṣàn."

"Ọmọ mi, omi mìíràn wo lo mọ̀ tí a lè gbé e sí?"

Omijé ló bọ́ lójú obìnrin náà. Ẹja náà ló dáhùn: "Ẹ gbé mi lọ. Láti kékeré ni ìyá mi ti ń sọ fún wa pé a nílé."

Mo bu ẹja àti omi rẹ̀ sínú akèǹgbè, mo sáré bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó, títí mo fi dé Awérè ní ọ̀sán gangan. Mo rọra tú u sódò. Àwọn ẹja ńláńlá jáde wá, wọ́n dúdú, ojú wọn ń dán.

"Ọmọ ta ni ọ́?"

Ó ka orúkọ àwọn baba ńlá rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn àgbà inú wọn bú sẹ́kún, wọ́n ní, "Ọmọ wa ni! Máa bọ̀ níbí!" Ṣùgbọ́n kò rí wọn. Ìṣàn omi gbé e lu òkúta, oòrùn sì ń jó awọ rẹ̀. Mo kó sínú odò dé àyà, mo fi ọwọ́ mi méjèèjì ṣíji bò ó. Kí ni ìbọn ọdẹ fẹ́ ṣe fún oòrùn? Àwọn ìbátan rẹ̀ ń yí wa ká, wọ́n ń pè é, èmi àti wọn kò rí nǹkan kan ṣe.

"Bàbá ọdẹ," ló wí, "ṣé ilé nìyí?"

"Ilé ni."

"Ó mà gbóná o."

Kò sọ̀rọ̀ mọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin ènìyàn mi, bí ẹ bá pàdé ẹni tí ìyà ń jẹ, ẹ má béèrè ibi tí baba rẹ̀ ti wá nìkan, ẹ béèrè omi tí ó tọ́ ọ dàgbà. Ó sì lè jẹ́ pé ẹ ó béèrè, omi náà yóò sì ti gbẹ. Mo ń lọ o. Kí olúkúlùkù yín bá omi nílé.